Aràn Tó Sá fún Òórùn Bọ́tà

 

Nígbà tí mo wà nílé ẹ̀kọ́ girama, mo gbé ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ tí ìyá mi fi irú sè dání lọ́jọ́ kan. Bí mo ṣe ṣí abọ́ ni ọmọ kíláàsì mi kan fọwọ́ di imú, ni gbogbo wọn bá bú sẹ́rìn-ín. Ojú tì mí, mo sì pa abọ́ dé. Òórùn tó ń jẹ́ kí itọ́ yọ lẹ́nu mi ló ń jẹ́ kí ẹlòmíràn yínmú. Ṣé inú òórùn ni burúkú wà ni, àbí inú imú ẹni tó ń gbọ́ ọ? Ọ̀dọ̀ aràn kan ni mo ti rí ìdáhùn tó ṣe kedere jù lọ.

Ìtàn náà bẹ̀rẹ̀ ní Cambridge, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lọ́dún 1963. Sydney Brenner, ọmọ bíbí South Africa tí bàbá rẹ̀ ń fi bàtà títúnṣe jẹun, kọ lẹ́tà sí ọ̀gá rẹ̀, Max Perutz. Ó ní iṣẹ́ tí àwọn ń ṣe lórí jíìnì ti ń lọ sópin, ó tó kí àwọn yíjú sí bí ara ṣe ń dàgbà àti bí ọpọlọ ṣe ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n ọpọlọ èèyàn ti díjú jù láti fi bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó yá, Brenner mú aràn kan tí kò gùn ju mìlímítà 1 lọ, tó ń jẹ bakitéríà nínú èso jíjẹrà: Caenorhabditis elegans. Ara rẹ̀ mọ́ gaara bíi dígí, èèyàn sì lè máa wo inú rẹ̀ láìla á.

Lọ́dún 1986, John White, Brenner àtàwọn ẹlẹgbẹ́ wọn tẹ àwòrán gbogbo bí àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń gbé ìròyìn kiri inú ara aràn yìí ṣe so mọ́ra jáde. Neuron ni wọ́n ń pe irú sẹ́ẹ̀lì bẹ́ẹ̀. Ojú ìwé 340 ni iṣẹ́ náà gbà. Mélòó ni gbogbo neuron ọ̀hún? 302 péré.

Aràn yìí kò lójú, kò létí, kò sì ní imú bíi tiwa, ṣùgbọ́n ó ń gbọ́ òórùn dáadáa. Cornelia Bargmann ló wá fi hàn wá bó ṣe ń ṣe é. Ó fi iná laser pa àwọn neuron tó wà ní orí aràn, ó sì ń wo òórùn tí aràn kò gbọ́ mọ́. Lọ́dún 1993, òun àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ròyìn pé neuron méjì tí wọ́n ń pè ní AWA ló ń gbọ́ diacetyl, ohun tó máa ń mú kí bọ́tà ta sánsán. Aràn fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Bí òórùn náà bá ń le sí i, á máa lọ tààrà. Bó bá ń dínkù, á tètè yí orí padà. Ẹni tó bá ti gbé fóònù sókè rí, tó ń wá nẹ́tíwọ̀kì káàkiri ilé, mọ ohun tí mò ń sọ.

Lọ́dún 1996, wọ́n rí jíìnì kan, odr-10, tó ń ṣe ohun tí AWA fi ń mú òórùn náà. Aràn tí odr-10 rẹ̀ ti bàjẹ́ kò ní mọ̀ pé diacetyl wà nítòsí.

Ibi tí ọ̀rọ̀ dùn sí nìyí. Lọ́dún 1997, Emily Troemel, Bargmann àti ẹnìkejì wọn mú irú aràn bẹ́ẹ̀, wọ́n sì fi odr-10 tó dára sínú neuron mìíràn, AWB. Iṣẹ́ AWB ni kó máa lé aràn kúrò níbi òórùn tí kò fẹ́. Wọ́n gbé diacetyl síwájú rẹ̀. Aràn sá!

Òórùn kan náà ni o, kò sóhun tó yí padà nínú rẹ̀. Ẹnu ọ̀nà tó gbà wọlé nìkan ló yí padà, àwọn aràn náà sì di asáfún-un.

Ẹ má rò pé bí wọ́n ṣe bí aràn náà ló ṣe máa kú. Lọ́dún 2005, Yun Zhang, Hang Lu àti Bargmann fi hàn pé aràn tí bakitéríà kan bá ti mú ṣàìsàn máa ń kọ́gbọ́n, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í yẹra fún òórùn bakitéríà náà. Neuron 302, síbẹ̀ ó ń rántí ohun tó ṣe é léṣe.

Èèyàn kì í ṣe aràn, tiwa díjú jù bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì. Àmọ́ nígbà tí mo ka ìtàn yìí, abọ́ ọbẹ̀ mi ló kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn. Irú ìyá mi kò jẹ̀bi. Ọmọ tó dimú náà kò sì jẹ̀bi. Ohun tí ara rẹ̀ àti ilé tó ti wá kọ́ ọ ló sọ. Èmi tó pa abọ́ dé ni mo ṣì í ṣe.

Mo ń se irú báyìí, mo sì ń ṣí fèrèsé. Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.