Ọkọ̀ Ọba Lójú Títì Agodi

Nígbà tí a ń kó ìwé yìí jọ, ìbéèrè kan dìde láàrin wa: irú ọkọ̀ wo ni àwọn ìyá wa lọ wò ní ẹ̀bá títì ní 1956, nígbà tí Ọbabìnrin Elizabeth wá sí Ìbàdàn?

Ọkọ̀ ọba kì í ṣe ọkọ̀ lásán. Ẹṣin ni àwọn ìjòyè wa ń gùn láyé àtijọ́. Rélùwéè wọ Ìbàdàn ní 1901. Ní 1906, ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í fi mọ́tò ná ọ̀nà Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́. Díẹ̀díẹ̀ ni mọ́tò gba ipò ẹṣin.

Ní ọ̀pọ̀ ìlú Yorùbá, ààfin kan ṣoṣo ni ọba ń jẹ sí. Ní tiwa, inú ilé ara wọn ni àwọn Olúbàdàn ti ń ṣàkóso látẹ̀yìn wá: Ọba Saliu Adétúnjí ní Pópóyemọja, Ọba Lékan Balógun ní Alárere. Nítorí náà, ojú títì tó já sí Mápó ni mẹ̀kúnnù ti ń rí ọba. Ẹni tí kò ráyè wọ gbọ̀ngàn lè dúró ní Ọjà'ba kó júwọ́ sí i.

Àwọn òyìnbó náà mọ iyì ọkọ̀ ọba. Rolls-Royce Phantom IV, 18 péré ni wọ́n ṣe láàrin 1950 sí 1956, fún àwọn ọba àti olórí orílẹ̀-èdè. Elizabeth ló gba ọ̀kan nínú àwọn àkọ́kọ́ ní 1950, kó tó gorí ìtẹ́.

Nígbà tó wá sí Ìbàdàn, Olúbàdàn Isaac Akínyẹlé ló wà lórí oyè. Wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ títì tó ti Mọ́kọ́lá wá sí ìhà Agodi wa yìí. A bi àwọn ìyá wa léèrè. Kò sí èyí tó mọ orúkọ ọkọ̀ náà nínú wọn. Ọwọ́ tí Ọbabìnrin ń jù sí wọn ni wọ́n rántí.

Ní 1960, Ọọ̀ni Ifẹ̀, Ọba Adésọjí Adérẹ̀mí, di gómìnà Ìwọ̀ Oòrùn. Ọba Yorùbá ló wá ń ti ilé gómìnà ní Agodi jáde nínú ọkọ̀ ìjọba, níbi tí òyìnbó nìkan ti ń jáde tẹ́lẹ̀. Àwọn bàbá wa tí wọ́n rí i kò jẹ́ gbàgbé.

Mọ́tò Mercedes tí wọ́n pa Ọ̀gágun Murtala Muhammed sí ní 1976 wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Oníkàn ní Èkó títí dòní, pẹ̀lú ojú ọta ìbọn lára rẹ̀. Ọmọdé tó bá dé ibẹ̀ kò nílò àlàyé púpọ̀. Ta ló ń tọ́jú tàwọn ọba tiwa?

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ yẹ àpótí àwọn òbí yín wò. Fọ́tò ọkọ̀ ọba, orúkọ ẹni tó wà á, ìtàn ẹni tó dúró lẹ́bàá títì: ẹ kó wọn wá kí ẹgbẹ́ lè tọ́jú wọn. Àwọn tó fojú rí i ń dín kù lọ́dọọdún. Ẹṣin iwájú ni tẹ̀yìn ń wò sáré. Ọdún á yabo.