Ọ̀bẹ Kọ́, Ọlọ Ni

Ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Bó ti wù kí ojú rẹ̀ mú tó, ọwọ́ ẹlòmíràn ni yóò bá a gbẹ́ igi tí a ó fi dì í mú. Ìtumọ̀ òwe náà kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀rọ olómi tí wọ́n fi ń gé táìsì ló rán mi létí rẹ̀, nílé kan tí mo ń bá ẹ̀gbọ́n mi mójú tó ní Ìtapàjí-Èkìtì.

Ọmọkùnrin tó ń tẹ táìsì náà ló ké sí mi: "Ẹ̀gbọ́n, dísìkì yìí ti kú. Ẹ bá wa ra òmíràn." Dísìkì ọ̀hún kò tíì lo ọ̀sẹ̀ kan. Mo ní kó pa jẹnẹrétọ̀, kó tú dísìkì náà wá. Mo fi àtàǹpàkò ra etí rẹ̀, ó ń yọ̀ bí inú àwo. Kò kú o. Ojú rẹ̀ ló dí.

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ wa ti ń ṣì í. A ní ẹ̀rọ náà ń "gé" táìsì, bẹ́ẹ̀ kò gé nǹkan kan. Ọ̀bẹ ló ń gé. Ayùn ló ń fi eyín ya igi. Dísìkì táìsì kò léyín, etí rẹ̀ kò sì mú. Irin pẹlẹbẹ ni, èérún dáyámọ́ǹdì tí wọ́n pò mọ́ ìyẹ̀fun irin ló yí etí rẹ̀ ká. Dáyámọ́ǹdì àtọwọ́dá ni. Ọdún 1955 ni ilé-iṣẹ́ General Electric ní Amẹ́ríkà kéde pé àwọn ti rí i ṣe. Èérún yìí ló ń ha táìsì títí tó fi di lẹ́búlẹ́bú. Lílọ̀ nìyẹn, kì í ṣe gígé.

Ẹni tó bá bá ìyá àgbà gbé yóò yé e. Bí ọlọ bá dán jù, ata kò ní í kúnná lórí rẹ̀ mọ́. Ìyá kì í pọ́n ọlọ. Òkúta líle ló fi ń gbá a lójú wẹ́wẹ́, títí yóò fi tún rí ṣákiṣàki. Bẹ́ẹ̀ náà ni dísìkì. Táìsì tó le gan-an kì í jẹ irin tó di dáyámọ́ǹdì mú. Èyí tó wà lókè á dán, tuntun tó wà nísàlẹ̀ kò sì ní í ráyè yọjú. Nǹkan rírọ̀ tó níyanrìn ló ń ṣí i. A ṣa àfọ́kù búlọ́ọ̀kù lẹ́yìnkùlé, a fi dísìkì náà là á fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́ lẹ́ẹ̀mẹrin pẹ̀lú omi. Nígbà tó padà sórí táìsì, ó wọ̀ ọ́ bí ọ̀bẹ ti ń wọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ pípọ́n. Ẹ má bínú, mo tún ti pè é lọ́bẹ.

Ó ku ọ̀rọ̀ omi. Wọ́n ní torí kí dísìkì má gbóná ni. Ìdajì òtítọ́ ni. Omi tún ń gbá lẹ́búlẹ́bú kúrò lójú rẹ̀, ó sì ń pa eruku mọ́lẹ̀. Eruku táìsì tí wọ́n fi ẹ̀rọ fáìlìn gé ní gbígbẹ a máa wọ ẹ̀dọ̀fóró. Láti 1997 ni IARC, ẹ̀ka Àjọ Ìlera Àgbáyé tó ń rí sí jẹjẹrẹ, ti ka eruku sílíkà, tó máa ń wà nínú irú eruku bẹ́ẹ̀, mọ́ ohun tó ń fa àrùn náà.

Ṣùgbọ́n omi tó gba eruku á di ẹrẹ̀. Ará Ìtapàjí, tí wọ́n sé odò sí nílùú fún omi ẹ̀rọ, kò nílò olùkọ́ lórí èyí: omi tí a bá sé, ẹrẹ̀ á jókòó sísàlẹ̀ rẹ̀. Ìsàlẹ̀ agbada omi ẹ̀rọ náà gan-an sì ni pọ́ǹpù tó ń tú omi sára dísìkì ń gbé. Bó bá ń fa ẹrẹ̀, ẹrẹ̀ ni yóò máa tú sára dísìkì, títí ọ̀fun òun náà yóò fi dí. Nítorí náà, ẹ pààrọ̀ omi kó tó ki bí ògì. Lálẹ́, ẹ kọ́kọ́ yọ wáyà iná. Ẹ da omi náà sínú korobá kó tòrò. Ẹ má da gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ rẹ̀ sí gọ́tà, ibẹ̀ ni yóò gan sí. Ẹ fi burọ́ọ̀ṣì fọ agbada àti ẹnu pọ́ǹpù, ẹ fi omi mímọ́ ṣan rọ́bà rẹ̀, ẹ nu dísìkì gbẹ, kí omi má sì kan mọ́tò ẹ̀rọ náà. Ẹrẹ̀ tó bá sùn mọ́jú, òkúta ni yóò jí.

Èkù ọ̀bẹ tí mo fi bẹ̀rẹ̀ ń kọ́? Mo ti ní dísìkì kì í ṣe ọ̀bẹ, síbẹ̀ òwe náà bá a wí. Ohun tó ń lọ òkúta kúnná kò lè ṣí ojú ara rẹ̀, kò sì lè pọ ẹrẹ̀ tó gbé mì. Àfi ọwọ́ ẹlòmíràn. Ọmọkùnrin náà kò ra dísìkì mọ́ lọ́jọ́ yẹn. Àfọ́kù búlọ́ọ̀kù ló dì sínú àpótí iṣẹ́ rẹ̀.