Fọ̀, Tẹ̀, Jóná: Èdè Àwọn Onífọ́tò àti Nẹ́gẹ́tíìfù Inú Àpótí

Ẹni tó bá ti dàgbà díẹ̀ nílẹ̀ Èkìtì mọ ohun tí wọ́n ń pè ní fífọ fọ́tò. A ó ya fọ́tò lọ́jọ́ ìkómọ tàbí lọ́jọ́ ìsìnkú, onífọ́tò á dá ọjọ́ fún wa, bí a bá sì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ kí ó tó ṣe tán, èsì rẹ̀ ni pé, "Mi ò tíì fọ̀ ọ́." Kì í ṣe ìgbìmọ̀ kankan ló jókòó dá ọ̀rọ̀ yẹn sílẹ̀. Àwọn tó ń ti ọwọ́ bọ omi nínú yàrá òkùnkùn ló ni ín, nítorí pé ohun tí wọ́n ń ṣe gan-an nìyẹn. Fíìmù á kọ́kọ́ wọ inú oògùn tó ń mú àwòrán jáde, á wọ èyí tó ń dá oògùn àkọ́kọ́ dúró, á tún wọ èyí tí kò ní jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ lè bà á jẹ́ mọ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á fi omi ṣàn án dáadáa, tí wọ́n á sì fi pẹ́ẹ̀gì kọ́ ọ sókè kó gbẹ.

Iṣẹ́ mìíràn ti wá bá iṣẹ́ yìí báyìí. Ní Ìkọ̀lé, ní Ọ̀yẹ́, ní Ìdó àti àwọn ìlú tó yí wọn ká, ẹni tó bá fi fọ́tò ṣe iṣẹ́ jẹun kí kámẹ́rà dìjítà tó dé kò lè ṣàìní nẹ́gẹ́tíìfù nínú àpótí, lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì tàbí lórí àjà. Àwọn ọmọ fẹ́ gbé e sórí kọ̀ǹpútà, wọ́n sì ń béèrè bóyá kí àwọn gbé e lọ sí lábù ni àbí kí àwọn ṣe é nílé. Màá dá wọn lóhùn níwájú. Ṣùgbọ́n ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn ni èdè tí a ó fi kọ́ wọn, nítorí pé ìlànà tí a bá kọ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tí kò bá iṣẹ́ ọwọ́ mu lè ba fíìmù jẹ́ pátápátá.

Ẹ gbé fọ̀ yìí kan náà yẹ̀ wò. Bí mo bá kọ ọ́ sínú ìlànà pé, "Fọ nẹ́gẹ́tíìfù kí o tó dà á kọ," ọmọ tí kò rí yàrá òkùnkùn rí á bu omi sínú abọ́, á wá ọṣẹ. Fíìmù tó ti bu nínú ọ̀rinrin kò sì gbọdọ̀ rí omi lọ́wọ́ ẹni tí kò mọṣẹ́. Èébu ti jẹ ojú fíìmù tí àwòrán wà lórí rẹ̀, ó ti sọ ọ́ di ohun tó ń yọ́, bí omi bá kàn án, àwòrán lè bá omi lọ. Nítorí náà, fífọ̀ jẹ́ ti fíìmù tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ nínú kámẹ́rà. Èyí tó ti wà láti ọdún pípẹ́, à ń gbọn eruku ara rẹ̀ ni, tàbí ká rọra nù ún. Bébà tí a gbé àwòrán sí, títẹ̀ ni à ń tẹ̀ ẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn èèyàn ṣì ń sọ pé àwọn fẹ́ lọ fọ fọ́tò láti inú fóònù. Ní ẹnu ọjà, mi ò ní bá ẹnikẹ́ni jà lórí èyí. Nínú ìwé ìkọ́ni, mo fẹ́ kí a yà wọ́n sọ́tọ̀.

Àpẹẹrẹ tí mo fẹ́ràn jù fún ọ̀rọ̀ tó bá iṣẹ́ ọwọ́ mu, Ọ̀yẹ́-Èkìtì ló ti wá. Láàárín 1947 sí 1954, àwọn àlùfáà ìjọ Àgùdà, Kevin Carroll àti Sean O'Mahony, ní ilé iṣẹ́ ọnà kan níbẹ̀. Ibẹ̀ ni George Bándélé, ọmọ Àreògún ti Òsì-Ìlọrin, ti gbẹ́ igi, ibẹ̀ náà sì ni Làmídì Fákẹ́yẹ, ọmọ Ìlá Ọ̀ràngún, ti kọ́ṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀. Nígbà tí ìwé Carroll lórí igi gbígbẹ́ Yorùbá jáde ní 1967, ó kọ orúkọ tí àwọn agbẹ́gilére fún ìpele mẹ́rin iṣẹ́ wọn sínú rẹ̀: ọnà lílé, àlétúnlé, dídán, fínfín. Àkọ́kọ́ ni bíbu ìtì igi sí orí, ara àti ẹsẹ̀. Èkejì ni títún un bù kí imú, etí àti ọwọ́ lè yọ. Ẹ̀kẹta ni kí ojú igi jọ̀lọ̀. Ẹ̀kẹrin ni fífi ọ̀bẹ fín irun àti ilà sí i. Ẹni tó bá gbọ́ orúkọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó tẹ̀ léra wọn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ bí ère ṣe ń jáde. Orúkọ tó ń sọ ohun tí ọwọ́ ń ṣe nìyẹn, ẹnu àwọn tó ń ṣe é ni Carroll sì ti gbọ́ ọ.

Ká wá mú nẹ́gẹ́tíìfù fúnra rẹ̀. Àwọn onígírámà ti fún wa ní ìyísódì fún gbólóhùn tó ní "kò" tàbí "kì í" nínú, àwọn kan á sì fẹ́ yá a lò. Kò bá a mu. Fíìmù kò kọ ohunkóhun. Ó gba ìmọ́lẹ̀ ni, ibi tí ìmọ́lẹ̀ bá ti pọ̀ jù ló sì dúdú jù. Bí a bá ní ká dá "àwo òdì" tí a sì pa á pọ̀ bí Yorùbá ṣe máa ń pa ọ̀rọ̀ pọ̀, àwòdì tó ń gbé òròmọdìyẹ ni yóò bọ́ sí wa lẹ́nu. Ìṣòro tó tún ju èyí lọ ni pé òdì ní iṣẹ́ mìíràn tó ń ṣe. A máa ń sọ pé ẹnìkan wọ aṣọ ní òdì. Fíìmù náà ní òdì lọ́nà yìí: ojú kan ń dán, ojú kejì kú. Ojú tó kú ni àwòrán wà. Ẹni tó bá gbé e sódì, ọwọ́ òsì á di ọwọ́ ọ̀tún, lẹ́tà ara pátákó á máa kà sẹ́yìn. Èmi á fi òdì sílẹ̀ fún èyí, kí nẹ́gẹ́tíìfù máa jẹ́ orúkọ tirẹ̀ bí a ti ń pè é. Àwọn onímọ̀ èdè wa náà lo fóníìmù nínú ìwé wọn, kò dín Yorùbá wọn kù.

Bí ẹnìkan bá béèrè ohun tí nẹ́gẹ́tíìfù jẹ́, kò yẹ kó ṣòro láti ṣàlàyé fún ará Ìdó, ìlú tí ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ wà. Ẹni tí wọ́n bá ti ya X-ray fún rí ti mú un lọ́wọ́. Egungun dí ìtànṣán lọ́nà, nítorí náà ó funfun. Ibi tí ìtànṣán kọjá láìsí ìdíwọ́ dúdú. Bákan náà ni aṣọ funfun ìyàwó ṣe ń dúdú lórí nẹ́gẹ́tíìfù. Ní Ìdó yìí kan náà, bí o bá ní ò ń lọ sí lábù, wọ́n á rò pé ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n fẹ́ gbà lára rẹ. Lábù fọ́tò ni kí a máa pè é ní kíkún.

Sikáànì ńkọ́? Mo fara mọ́ ọn, nítorí pé gbogbo ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà ló ń lò ó. Ṣùgbọ́n ọ̀nà méjì ló wà, ó sì yẹ ká fi ọ̀rọ̀ yà wọ́n sọ́tọ̀. Bí fíìmù bá wà lórí ẹ̀rọ tí iná ń gba inú rẹ̀ kọjá, sikáànì nìyẹn. Bí ó bá jẹ́ pé a tan iná funfun sẹ́yìn rẹ̀ tí a fi kámẹ́rà yà á, àtúnyà ni mo pè é, nítorí yíyà náà ni. Ẹni tó bá fẹ́ fi ojú fóònù ṣe iná ẹ̀yìn, kó gbé fíìmù sókè díẹ̀ kúrò lára fóònù, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, àwọn àmì tíntìntín ojú fóònù á hàn nínú àwòrán. Bí a bá sì ní ẹ̀rọ ń ka àmì 2,400 nínú íńṣì kan, nẹ́gẹ́tíìfù kékeré tó jẹ́ mìlímítà 24 sí 36 á fún wa ní nǹkan bí mílíọ̀nù 7.7 píksẹ́lì. Ìyẹn tó láti tẹ fọ́tò tó fẹ̀ tó íńṣì 11 láìfọ́ lójú.

Lábù tàbí ilé, èsì mi rèé. Àwọn fíìmù aláwọ̀, kí wọ́n lọ sí lábù tí ó bá mọ iṣẹ́ náà. Ara wọn rí rúsúrúsú láti ilé iṣẹ́ tó ṣe wọ́n, yíyọ àwọ̀ yẹn kúrò kí awọ èèyàn tó rí bó ṣe yẹ kò rọrùn fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ. Àwọn ẹ̀rọ kan tún ní ìtànṣán àìrí tó ń wá eruku rí tó sì ń pa á rẹ́. Ìtànṣán yẹn kò ṣiṣẹ́ lórí fíìmù dúdú-òun-funfun, nítorí fàdákà ló gbé àwòrán rẹ̀ ró, fàdákà sì ń dí i lójú. Nítorí náà, fọ́tò dúdú-òun-funfun àwọn bàbá wa, ẹ ṣe é nílé, pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ àti sùúrù, kì í sì í ṣe nígbà ọyẹ́ tí eruku gba ojú ọ̀run. Etí fíìmù ni kí ẹ máa dì mú. Ẹ má ṣe fi ẹnu fẹ́ ẹ, itọ́ ń mú àbàwọ́n wá.

Àǹfààní mìíràn tún wà nínú ṣíṣe é nílé, níbi tí ẹni tó mọ ìtàn wà nítòsí. Ní 1978, Stephen Sprague tẹ àpilẹ̀kọ kan jáde nínú ìwé àtìgbàdégbà African Arts lórí fọ́tò láàárín Yorùbá, Ìlá Ọ̀ràngún sì wà lára ibi tó ti ṣèwádìí. Ó ṣàlàyé fọ́tò ìbejì: bí ọ̀kan bá ti kú, onífọ́tò á ya èyí tó kù, á tẹ nẹ́gẹ́tíìfù kan náà lẹ́ẹ̀méjì sórí bébà kan, kí ọmọ méjèèjì lè jókòó pọ̀. Lórí nẹ́gẹ́tíìfù, ọmọ kan ló wà. Lórí bébà, ìbejì ni. Lábù tó bá gba fíìmù nìkan á dá ọmọ kan padà fún ìyá ìbejì, kò sì ní mọ̀ pé nǹkan kù. Mo rọ ẹnikẹ́ni tó bá ń kó irú nǹkan wọ̀nyí jọ pé kó sikáànì fọ́tò títẹ̀ náà mọ́ nẹ́gẹ́tíìfù rẹ̀.

Jóná ló kù. "Fíìmù ti jóná" ni à ń sọ bí ẹnìkan bá ṣèèṣì ṣí kámẹ́rà tí ìmọ́lẹ̀ wọlé. Iná kankan kò jó, àmọ́ àwòrán ti lọ. Ọ̀rọ̀ yìí ti wá ní ìtumọ̀ tó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní Èkó, Karl Ohiri àti Riikka Kassinen rí i pé àwọn onífọ́tò ń da nẹ́gẹ́tíìfù wọn nù, àwọn mìíràn ń dáná sun ún, ìyẹn ló jẹ́ kí wọ́n dá Lagos Studio Archives sílẹ̀. Lára ohun tí wọ́n gbà là ni iṣẹ́ Abi Morocco Photos, ṣọ́ọ̀bù tọkọtaya John àti Fúnmiláyọ̀ Abe, tí wọ́n pàtẹ ní gálárì Autograph ní Lọ́ńdọ̀nù ní 2024. Àwọn nẹ́gẹ́tíìfù tí ooru àti ọ̀rinrin ti bà jẹ́ pàápàá, wọn kò jù wọ́n nù.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ èdè Yorùbá ní yunifásítì Ọ̀yẹ́ àti ní Adó, ẹ lọ bá àwọn onífọ́tò àgbà ní Ìkọ̀lé, Ayédé, Ìtàpá àti Ìdó. Ẹ gbé nẹ́gẹ́tíìfù lé wọn lọ́wọ́, kí ẹ ní kí wọ́n sọ ohun tí wọ́n máa ń ṣe sí i láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí ẹ sì gba ohùn wọn sílẹ̀. Bí bàbá bá pe ilé ní ulé, ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ onífọ́tò, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe dáná sun àpótí yẹn kí wọ́n tó dé.