Àwòrán Mélòó ní Ìṣẹ́jú-àáyá Kan? Ìtàn Sísọ Fíìmù di Fídíò

Nínú ọ̀pọ̀ fíìmù àtijọ́ tí a ń wò lónìí, ṣe ni àwọn ènìyàn ń ta kébékébé níbi tó yẹ kí wọ́n máa rìn jẹ́jẹ́. Kì í ṣe ẹ̀bi ẹni tó ya fíìmù náà. Ìgbà tí wọ́n ń sọ ọ́ di fídíò ni ìṣirò àkókò ti yẹ̀.

Nígbà tí tẹ̀gbọ́n-tàbúrò Lumière fi sinimá han àwùjọ ní Paris ní ọjọ́ 28 oṣù Kejìlá ọdún 1895, ọwọ́ ni wọ́n fi ń yí ẹ̀rọ wọn. Nǹkan bí àwòrán 16 ló ń kọjá ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ìgbà tí sinimá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, ní ìparí àwọn ọdún 1920, ni iye náà dúró sí 24, nítorí etí tètè ń mọ̀ bí ìyára ohùn bá yí padà. Fíìmù inú ilé kò tẹ̀ lé e: 8mm tí Kodak gbé jáde ní 1932 ń lo 16, Super 8 ti 1965 sì ń lo 18.

Tẹlifíṣọ̀n kò bá èyíkéyìí mu. Ní Bírítéènì, níbi tí iye rẹ̀ ti jẹ́ 25, wọ́n kàn mú fíìmù yára díẹ̀: eré 100 ìṣẹ́jú a parí ní 96, ohùn a sì gòkè díẹ̀. (Ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ Yorùbá kò ní tìtorí èyí bàjẹ́, nítorí ohùn òkè, àárín àti ìsàlẹ̀ ló jọ gòkè pọ̀.) Ní Amẹ́ríkà, wọ́n ń pín àwòrán 4 sórí 5.

Ẹni tó wà nílé a kọjú kámẹ́rà sí aṣọ funfun, ìmọ́lẹ̀ a sì máa ṣẹ́jú nínú fídíò rẹ̀. Ewé-irin mẹ́ta ń yí níwájú gílóòbù ẹ̀rọ sinimá; bí àwòrán 16⅔ bá ń kọjá ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ìmọ́lẹ̀ a tàn nígbà 50, èyí tó bá tẹlifíṣọ̀n Bírítéènì mu. Ìṣẹ́jú náà dópin, ṣùgbọ́n fíìmù tí wọ́n yà ní 18 ti di ohun tó ń fà.

Gbígba àwòrán lọ́kọ̀ọ̀kan ló tú okùn yìí. A ó dín ìyára ẹ́ńjìnnì kù, a ó fi LED rọ́pò gílóòbù gbígbóná tó lè jó fíìmù, a ó sì so òòfà kékeré mọ́ ọ̀pá tó ń yí. Bí òòfà bá ti kọjá lára súìṣì, kámẹ́rà a ya àwòrán kan. Ibi tí òòfà wà ṣe pàtàkì jù: bí àmì bá dé nígbà tí èékánná irin ṣì ń fa fíìmù sísàlẹ̀, àwòrán a di ìríra, ó gbọ́dọ̀ dé lẹ́yìn tí èékánná ti jáde nínú ihò, tí fíìmù sì ti dúró ṣinṣin. Lẹ́yìn èyí, ìyára ẹ̀rọ kò já mọ́ nǹkan kan.

Ṣùgbọ́n àwòrán tó wà nínú kọ̀ǹpútà kò gbé àkókò kankan dání. Super 8 tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 50 ní àwòrán 3,600: ní 18, ó jẹ́ ìṣẹ́jú 3 àti ìṣẹ́jú-àáyá 20, ní 25, ìṣẹ́jú 2 àti ìṣẹ́jú-àáyá 24 péré. Ọ̀pọ̀ fíìmù bẹ́ẹ̀ kò ní ohùn. Bí ìdílé Yorùbá kan ní London bá ní ijó ìgbéyàwó nínú irú rẹ̀, ẹsẹ̀ oníjó nìkan ló ṣẹ́ kù láti sọ bí ìlù ṣe yára tó, iye tí a bá sì tẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà ni ẹsẹ̀ náà yóò tẹ̀ lé.