Ayẹyẹ Fágúnwà: Láti Orí Ìtàgé dé Gbọ̀ngàn Àwọn Ọ̀mọ̀wé

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọjọ́ a bá kú là á dère, ènìyàn kò sunwọ̀n láàyè. Òwe yìí kò bá D. O. Fágúnwà wí tán, nítorí pé òkìkí rẹ̀ ti kàn kí ó tó kú. Àwọn ọmọ ilé-ìwé ń ka ìwé rẹ̀ káàkiri ilẹ̀ Yorùbá, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sì ti fi oyè MBE dá a lọ́lá. Síbẹ̀, ẹ̀yìn ikú rẹ̀ ni a tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé iṣẹ́ rẹ̀ lọ sí ojú agbo ńlá, tí àwọn ọ̀mọ̀wé sì ń péjọ nítorí rẹ̀. Ohun tí a fẹ́ yẹ̀ wò níhìn-ín ni irú ayẹyẹ tí a ti ṣe fún un, èdè tí a fi ṣe é, àti èyí tí a kò tíì ṣe tó.

Òkè-Igbó ni a bí Dáníẹ́lì Ọlọ́runfẹ́mi Fágúnwà sí ní ọdún 1903. Ó kẹ́kọ̀ọ́ ní Kọ́lẹ́ẹ̀jì St. Andrew's ní Ọ̀yọ́, ó sì ṣe olùkọ́ níbẹ̀. Ní 1938 ni C.M.S. Bookshop ní Èkó tẹ Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ jáde. Mẹ́rin mìíràn tẹ̀ lé e: Igbó Olódùmarè àti Ìrèké-Oníbùdó ní 1949, Ìrìnkèrindò nínú Igbó Elégbèje ní 1954, àti Àdììtú Olódùmarè ní 1961. Ẹnu iṣẹ́ ilé-ìtẹ̀wé Heinemann ni ó wà nígbà tí ó rì sómi nítòsí Bída ní oṣù Kejìlá ọdún 1963. Ṣùgbọ́n bí onírèsé bá kọ̀ tí kò fíngbá mọ́, èyí tí ó ti fín sílẹ̀ kò lè parun.

Ìtumọ̀ ni ó kọ́kọ́ la ọ̀nà fún ayẹyẹ. Ní 1968, Wọlé Ṣóyínká túmọ̀ Ògbójú Ọdẹ sí èdè Gẹ̀ẹ́sì, Bruce Onobrakpeya sì ya àwòrán sí i. Nípa báyìí, ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá rárá lè bá wa dá sí ọ̀rọ̀ Fágúnwà.

Kò pẹ́ púpọ̀ sí i ni ìtàgé gbà á. Ní 1977 ni FESTAC wáyé ní Nàìjíríà, láti ọjọ́ 15 oṣù Kínní títí di ọjọ́ 12 oṣù Kejì. Eré tí Nàìjíríà fi síwájú àlejò ni Láńgbòdó, èyí tí Wálé Ògúnyẹmí fa yọ láti inú Ògbójú Ọdẹ, tí Dàpọ̀ Adélugbà sì darí. Apá tí ó mú nínú ìwé náà ni ti àwọn ọdẹ akọni tí ọba rán lọ sí Òkè Láńgbòdó kí wọ́n lè mú ohun tí yóò mú àlàáfíà bá ìlú bọ̀. Kò ṣòro láti rí ìdí tí ìtàn yìí fi bá àkókò náà mu: ọdún méje péré ni ó tíì kọjá lẹ́yìn ogun abẹ́lé. Láti inú ìwé tí olùkọ́ kan kọ fún ọmọ Yorùbá ni orílẹ̀-èdè ti rí àkàwé fún wàhálà ara rẹ̀. Ẹ má ṣe gbàgbé, síbẹ̀, pé Gẹ̀ẹ́sì ni Ògúnyẹmí fi kọ eré náà. A kò lè dá a lẹ́bi: àlejò tí ó wá láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ kò ní gbọ́ Yorùbá.

Nígbà tí ó pé àádọ́ta ọdún tí Fágúnwà ti kú, àwọn ọ̀mọ̀wé péjọ sí Àkúrẹ́, olú-ìlú Ìpínlẹ̀ Oǹdó tí Òkè-Igbó wà nínú rẹ̀, ní oṣù Kẹjọ ọdún 2013. Ọ̀rọ̀ ìwé rẹ̀ nìkan ni wọ́n wá sọ. Ní 2017, Adélékè Adéẹ̀kọ́ àti Akin Adéṣọ̀kàn ṣe olóòtú ìwé àwọn àpilẹ̀kọ lórí Fágúnwà, èyí tí Bookcraft tẹ̀ ní Ìbàdàn. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́.

Gbogbo ìwọ̀nyí gbé orúkọ Fágúnwà níyì, ẹni tí ó bá sì fojú tín-ín-rín wọn kò ṣe olóòótọ́. Ṣùgbọ́n ibi tí agbára Fágúnwà wà gan-an ni ọnà èdè: bí ó ṣe ń to ọ̀rọ̀ jọ bí ẹni ń to ẹrù sórí àká, bí ó ṣe ń ṣe àwàdà, tí ó sì ń wàásù lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ wo orúkọ àwọn ẹ̀dá-ìtàn rẹ̀: Àkàrà-oògùn, Ìmọ̀dòye, Olóhùn-iyọ̀. Bí etí Yorùbá bá ti gbọ́ wọn ni ó ti mọ irú ènìyàn tí wọ́n jẹ́. Ṣóyínká pàápàá, pẹ̀lú gbogbo ọgbọ́n rẹ̀, ní láti dá orúkọ tuntun fún Àkàrà-oògùn ní Gẹ̀ẹ́sì.

Ìwé náà fúnra rẹ̀ ti fi irú ayẹyẹ tí ó yẹ hàn wá. Àgbàlagbà kan tọ òǹkọ̀wé wá, ó ní kí ó kọ ìtàn òun sílẹ̀. Òkìkí ìtàn náà kàn, àwọn ará ìlú sì ń wọ́ wá láti fi etí ara wọn gbọ́. Bí ilẹ̀ ti ń mọ́ ni èrò ń pọ̀ sí i. Kì í ṣe ìwé ìkésíni tàbí àṣẹ ìjọba ni ó kó wọn jọ. Adùn ọ̀rọ̀ ni.

Irú ìpéjọpọ̀ bẹ́ẹ̀ kò gba owó púpọ̀. Kí olùkọ́ kan ka orí kan sókè fún àwọn ọmọ, kí àgbà kan jókòó tì wọ́n láti ṣàlàyé ọ̀rọ̀ tí ó ta kókó, ayẹyẹ ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ọ̀pọ̀ ọmọ wa lónìí ni ó gbọ́ orúkọ Fágúnwà tí kò lè ka ojú-ìwé kan nínú iṣẹ́ rẹ̀ láì kọsẹ̀. Bí a bá ń pe àpéjọ ńláńlá, tí àwọn ọmọ wọ̀nyí sì wà bẹ́ẹ̀, a ti sọ Fágúnwà di ère tí òwe wí: a ń yí i ká, a ń yìn ín, ṣùgbọ́n kò bá wa sọ̀rọ̀. Ẹ jẹ́ kí a ṣí ìwé náà, kí a kà á sókè, kí àwọn ọmọ gbọ́.