Títún Ohùn Hàmóníkà Ṣe Nílé

Hàmóníkà, tí àwọn kan ń pè ní dùùrù ẹnu, ní ahọ́n idẹ pẹlẹbẹ nínú. Èyí tó wọ́pọ̀ jù ní ihò 10 àti ahọ́n 20: ìdajì ń dún bí a bá fẹ́ atẹ́gùn sí i, ìdajì bí a bá fà á. Bí a bá ti ń fọn ọ́n pẹ́, ohùn ahọ́n kan tàbí òmíràn a yẹ̀, ó sì sábà máa ń wálẹ̀ ni. Aláagídìgbo kò ní wàhálà yìí: ó kàn ń fa ahọ́n irin rẹ̀ gùn kí ohùn lè wálẹ̀, tàbí kó tì í wọlé kó lè ròkè. Ríbẹ́ẹ̀tì ló de ti hàmóníkà mọ́ àwo idẹ. Fífá ló kù.

Bí a ṣe ń ṣe é

A ó tú ìdérí, a ó sì ki irin tín-ín-rín sábẹ́ ahọ́n kó má bàa tẹ̀. Irin tí mẹkáníìkì fi ń wọn àlàfo púlọ́ọ̀gì dára fún un, kò sì ṣòroó rí ní Sàngó-Ọ̀tà. Bí ohùn bá wálẹ̀ jù, ṣóńṣó ahọ́n ni à ń fá, nítorí ahọ́n tí orí rẹ̀ fúyẹ́ a máa yára gbọ̀n. Bó bá ròkè jù, ẹ̀gbẹ́ ríbẹ́ẹ̀tì ni à ń fá kí ìdí rẹ̀ lè rọ̀. Ìlà kan tàbí méjì tó, kí a tó fọn ọ́n wò. Òòró ni kí a fá a. Ojú ìlà tó bá dábùú ni ahọ́n ti ń kán.

Ahọ́n tí a ń fà wà níta, ọwọ́ tètè ń tó o. Ti fífẹ́ wà nínú ihò, àfi kí a tú àwo rẹ̀. Ìṣó ni wọ́n fi kan àwo Marine Band àtijọ́, tí Hohner bẹ̀rẹ̀ sí ṣe ní 1896, nítorí náà ṣíṣí rẹ̀ gba sùúrù ju ti onísíkúrù lọ.

Etí ṣì ni adájọ́ tó dára jù, bí ẹ bá bi mí. Fẹ́ ihò 1 àti 4 papọ̀, fi ahọ́n ẹnu rẹ dí àárín. Bí ohùn bá ń mì wàà-wàà, wọn kò tíì bára mu. Bí mímì náà bá ṣe ń falẹ̀ ni wọ́n ń súnmọ́ra.

Lórí ìwọ̀n ohùn A, ẹnu kò kò. 440 Hz ni ìwọ̀n tí ayé gbà, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ aṣehàmóníkà ń gbé e dé nǹkan bí 442 tàbí 443, nítorí èémí a máa fà á wálẹ̀. Ẹni tó ń fẹ́ jẹ́jẹ́ lè má nílò gbogbo èyí.

Ìtàn

Matthias Hohner bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Trossingen, Jámánì, ní 1857. Nílẹ̀ Yorùbá, àwọn ẹgbẹ́ wéré kan fọn hàmóníkà kí fújì tó gbòde. I.K. Dairo, tó gba oyè MBE ní 1963, la mọ̀ mọ́ àkọ́díọ́nù nínú jùjú. Ahọ́n irin ló ń dún nínú àkọ́díọ́nù náà, fífá kan náà la sì fi ń tún un ṣe; àmọ́ a lè mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kí ahọ́n méjì yàtọ̀ díẹ̀ kí ohùn lè máa mì.