Ẹ̀rọ Tí Ó Ń Wo Ilé Láti Ojú Ọ̀run

Àwọn àgbà ní ilé là ń wò kí á tó sọ ọmọ lórúkọ. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn olùwádìí ọ̀rọ̀ owó ti ń ṣe tipẹ́: wọn a kan ilẹ̀kùn, wọn a béèrè.

Ní 2020, nígbà àrùn Kòrónà, ìjọba Tógò dá ètò Novissi sílẹ̀ láti fi owó ránṣẹ́ sí aláìní lórí fóònù. Kò sí àkọsílẹ̀ pípé tí ó fi tálákà hàn. Joshua Blumenstock àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bi àwọn kan léèrè, wọ́n sì fi ìdáhùn wọn kọ́ kọ̀ǹpútà láti dá tálákà mọ̀ nípa àwòrán sátẹ́láìtì àti bí ènìyàn ṣe ń lo fóònù. Àbájáde rẹ̀ jáde nínú ìwé àtìgbàdégbà Nature ní 2022: àwọn tálákà tí ọ̀nà yìí fò dá fi ìdá 4 sí 21 nínú ọgọ́rùn-ún dín sí ti yíyan àgbègbè nìkan, ṣùgbọ́n ó fi 9 sí 35 pọ̀ ju ohun tí àkọsílẹ̀ pípé ìbá fò dá lọ.

Alájọ mọ ojú ẹni tí ó ń dá àjọ lọ́dọ̀ rẹ̀. Ipasẹ̀ fóònù ni ẹ̀rọ mọ̀. Ẹni tí kò ní fóònù kò ní ipasẹ̀. Mo yin iṣẹ́ náà, ṣùgbọ́n n kò gbàgbé pé ìdáhùn ènìyàn ni ó kọ́ ẹ̀rọ lọ́gbọ́n. Ẹ má jẹ́ kí á dẹ́kun bíbéèrè.